Bí mo ṣe la yúkálíptọ́ọ̀sì sí pákó ní Jos

Ní Jos, níbi tí mo ti ń ṣe káfíńtà, ọ̀pá iná àti igi ìdáná ni wọ́n sábà máa ń fi yúkálíptọ́ọ̀sì ṣe. Wọ́n ní kò ṣeé là: bó bá ṣe wó lulẹ̀ báyìí, ojú ibi tí wọ́n ti gé e á dún pàà, á sì sán láti àárín. Èmi ń wá pákó bẹ́ǹṣì, owó mahogany ò sì sí lọ́wọ́.

Oòrùn ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n wàhálà náà ti wà nínú igi láti orí ìdúró. Ìpele tuntun tó ń hù lábẹ́ èèpo máa ń fẹ́ súnkì ní gígùn bó ṣe ń gbó, èyí tó ti gbó nínú ò sì gbà fún un. Ìta ń fà, àárín ń gba ìfúnpọ̀. Ayùn kàn ń tú wọn sílẹ̀ ni.

Bàbá tó loko tọ́ka sí igi ńlá kan tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó dúró ṣánṣán ni mo fẹ́.” Igi tó bá tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sókè ló máa ń fà jù, pákó ibẹ̀ sì máa ń hu irun lójú, sáńpépà ò ràn án.

A ò gé e kúkúrú lóko. Mo fi ọ̀dà kun orí àti ìdí ìtì náà kó má baà yára gbẹ níbẹ̀. Ní sọ́míìlì, ọ̀gá tó ń là á fẹ́ máa bẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Mo ní ká bẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ká yí i, ká bẹ́ òdìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé àárín. Ó kùn. Àmọ́ ayùn ò tíì dé ìdajì ẹ̀là àkọ́kọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti ká síta kúrò lára ìtì. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ní, “Ẹ yí i.”

Àárín gan-gan di igi ìdáná. Ìfúnpọ̀ ọdún gbọọrọ ti ba okun inú rẹ̀ jẹ́. Mo ṣẹ́ ẹ̀là kan lórí orókún, ó kán pẹ́ú.

Ọyẹ́ Jos ò ṣàánú igi. Mo to pákó sábẹ́ àtíbàbà, mo fi ọ̀pá tín-ín-rín sí àárín wọn, mo gbé òkúta lé e, mo fi àpò bo ẹ̀gbẹ́, torí bó bá yára gbẹ jù, ojú rẹ̀ á rì wọnú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló tọ́ jù, wọ́n di ojú bẹ́ǹṣì. Àwọn tòkè tó tẹ̀, mo gé wọn kúkúrú fún ẹsẹ̀. Ìtẹ̀ tó hàn gbangba lára pákó gígùn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára kúkúrú.