Fọ́ọ̀mù tó ń jẹ wákàtí iṣẹ́ wa

Owó iṣẹ́ tó wọlé lóṣù yẹn kò tó ìdajì ohun tí a ṣe. Àwa mélòó kan ní Ìbàdàn ni à ń gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí à ń tẹ̀ ẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó, èmi ni mo sì ń kó àkọsílẹ̀ gbogbo wa jọ. Àwọn èèyàn mi fi òru ṣe ọ̀sán, mo wá ń kó owó táṣẹ́rẹ́ fún wọn!

Kíkọ aago ìbẹ̀rẹ̀ àti aago ìparí kò le. Àròpọ̀ ni wàhálà. Fọ́ọ̀mù Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò, tí ilé-iṣẹ́ náà fún wa ni à ń lò. Ẹnì kan ṣiṣẹ́ wákàtí 38 àti ìṣẹ́jú 30 lọ́sẹ̀ kan, 14:30 ló hàn nísàlẹ̀. Mo rò ó lórí ìwé, 38 ààbọ̀ ni. Mo tún un tẹ̀, 14:30 náà ni. Mo kọ̀wé sí akọ̀wé owó wọn, ó ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, àfi bí ẹni pé olè ló pè wá.

Mi ò gbà. Mo tú u wò títí mo fi rí ìdí rẹ̀: ọjọ́ ni Excel fi ń ka àkókò. Tí àròpọ̀ bá ti ju wákàtí 24 lọ, ó máa ń fi odindi ọjọ́ pamọ́, ìyókù nìkan ló ń fi hàn, bí aago ara ògiri. Ẹ tẹ ibi tí àròpọ̀ wà, ẹ ṣí Format Cells, ẹ lọ sí Custom, kí ẹ tẹ [h]:mm síbẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni 38:30 yọ! Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Nínú Google Sheets, ètò Google tó jọ Excel, Duration ni kí ẹ yàn.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣírò owó, ẹ kọ́kọ́ fi 24 sọ àkókò náà di púpọ̀, kí ọjọ́ tí Excel ń kà lè di wákàtí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ní £10 fún wákàtí kan, £16 àti díẹ̀ lẹ máa rí dípò £385.

Wọ́n san àṣẹ́kù owó wa pé, àmọ́ akọ̀wé yẹn kò tọrọ àforíjì. Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ wákàtí ni kálukú ń kọ ìṣẹ́jú ohùn tó parí sí, kí wọ́n lè rí ibi tí iṣẹ́ dé. Aago Nàìjíríà ni gbogbo wa fi ń kọ ọ́, torí ti Lọ́ńdọ̀nù ń yí padà ní ìparí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹwàá. Bí wọ́n bá fún yín ní fọ́ọ̀mù, ẹ fi wákàtí tó ju 24 lọ dán an wò kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.