Bí a ṣe ń mọ ilẹ̀ Skọ́tlándì láì fi eré là á já

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, àti àwọn tí ń ti Nàìjíríà wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ẹbí, ló ti dé Skọ́tlándì láì mọ ibẹ̀. Wọ́n á dé Edinburgh láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á ya fọ́tò níwájú ilé olódi orí àpáta, wọ́n á háyà ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì pé àwọn fẹ́ wo adágún Loch Ness àti erékùṣù Skye lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lórí òkè, wọ́n á sì padà sílé pẹ̀lú ìtàn òjò. Bí a ṣe ń ṣe é kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tó bá rọrùn, a ó yára kọjá lára rẹ̀. Ilẹ̀ òkè tí wọ́n ń pè ní Highlands, níbi tí àlejò ti máa ń ba ìrìn-àjò ara rẹ̀ jẹ́, ni a ó fara balẹ̀ sí.

Kò sí físà Skọ́tlándì lọ́tọ̀. Físà àbẹ̀wò Ìlú Ọba tó gbé ènìyàn dé Lọ́ńdọ̀nù náà ni yóò gbé e dé Inverness ní ilẹ̀ òkè, kò sì sí asọ́bodè láàárín Íńgílándì àti Skọ́tlándì. Ẹni tó bá ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní King's Cross. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni dé Edinburgh. Apá ọ̀tún ni kí ó jókòó sí, nítorí pé ọ̀nà náà ń gba etí òkun lẹ́yìn Newcastle. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Bọ́ọ̀sì alẹ́ láti Victoria ni ti ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún má ṣètò ohunkóhun fún àárọ̀ ọjọ́ tí yóò bá dé.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ará Skọ́tlándì kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá pe ará Èkìtì ní Ìjẹ̀bú lójú ara rẹ̀ mọ irú èsì tí yóò gbà. Ní 1707 ni wọ́n pa ilé aṣòfin wọn pọ̀ mọ́ ti Íńgílándì, ṣùgbọ́n òfin, ṣọ́ọ̀ṣì àti ètò ẹ̀kọ́ wọn wà lọ́tọ̀ títí di òní, ilé aṣòfin tiwọn sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Edinburgh ní 1999. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 2014 lórí bóyá kí wọ́n dá dúró, ìdá 55 nínú 100 ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, ìdá 45 sì ní kí wọ́n lọ; ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú ọ̀pọ̀ ilé. Bí awakọ̀ takisí bá dá a sílẹ̀, ẹ bi í ní èrò tirẹ̀, kí ẹ sì gbọ́. Àlejò kì í dá sí i.

Ọjọ́ méjì méjì tó fún Edinburgh àti Glasgow. Ní Edinburgh, National Museum of Scotland tó wà ní òpópónà Chambers kì í gba owó ìwọlé, ibẹ̀ sì ni Dolly wà, àgùntàn tí wọ́n bí ní 1996 tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ara àgbàlagbà àgùntàn ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Owó ìwọlé ilé olódi kò kéré; ní tèmi, òkè Arthur's Seat, tó ga ní mítà 251, ni mo máa ń gùn láti wo ilé olódi náà lọ́ọ̀ọ́kán lọ́fẹ̀ẹ́, n kò sì rò pé ohun kan bọ́ lọ́wọ́ mi. Ní oṣù Kẹjọ, àjọ̀dún eré ìtàgé àti orin tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947 máa ń sọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì Edinburgh di ọ̀wọ́n gógó. Ẹ sùn sí Glasgow, kí ẹ máa fi ọkọ̀ ojú irin wá. Nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú ni.

Glasgow kì í ṣe ibi ìsùn lásán, ẹ rin àárín ìlú náà fẹsẹ̀. Orúkọ Buchanan, Glassford àti Ingram tí ẹ ó rí lára òpópónà jẹ́ ti àwọn oníṣòwò tábà ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì gbin tábà náà ní Amẹ́ríkà. Jamaica Street kò jìnnà síbẹ̀. Nínú ilẹ̀ yìí kan náà ni ilé ẹjọ́ ti dá Joseph Knight láre ní 1778, ọmọ Áfíríkà tí ọ̀gá rẹ̀ mú wá láti Jàmáíkà, wọ́n ní òfin Skọ́tlándì kò mọ ẹrú. Ẹni tó fẹ́ mọ ibẹ̀ yóò gbé ìtàn méjèèjì dání.

Wàyí o, ó kan òkè, ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé àlejò máa ń fi máàpù wọn ọ̀nà. Láti Edinburgh dé Portree, ìlú tó tóbi jù ní Skye, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni, lílọ nìkan, láì dúró jẹun, láì dúró ya fọ́tò. Ẹni tó ní òun yóò lọ, òun yóò sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, gíláàsì ọkọ̀ ni yóò wò jù. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé, tí mo sì fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé, ni pé kí ẹ mú igun kan ṣoṣo, kí ẹ sun alẹ́ mẹ́ta níbẹ̀ ó kéré tán, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó bá mú Skye, kí ó má dárúkọ Loch Ness. Ẹni tó bá mú Inverness lè wo Loch Ness, kí ó sì lọ sí pápá Culloden nítòsí ibẹ̀, níbi tí ọmọ ogun ìjọba ti ṣẹ́gun àwọn ará òkè àti olórí wọn ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin 1746. Lẹ́yìn ogun náà ni òfin de aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ọkùnrin wọn títí di 1782. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn àgbẹ̀ kúrò kí wọ́n lè da àgùntàn síbẹ̀, èyí sì ń bá a lọ títí wọ inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nítorí náà, àfonífojì tó dákẹ́ rọ́rọ́ tí àlejò ń yìn pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wo inú koríko rẹ̀: òkúta tí ẹ bá rí tó tò ní igun mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ẹni tó ń sáré kò lè rí i.

Bí ẹ kò bá tíì wakọ̀ níbẹ̀ rí, ẹ má háyà ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kíní. Ọkọ̀ ojú irin kan ń ti Glasgow Queen Street lọ sí Fort William, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin, ó sì ń la ilẹ̀ àbàtà Rannoch Moor kọjá níbi tí títì ọkọ̀ kò dé. Láti Fort William, ó tún ń lọ sí Mallaig. Apá òsì ni kí ẹ jókòó sí, kí ẹ lè rí afárá Glenfinnan olójú 21 bí ọkọ̀ ti ń yí lọ lórí rẹ̀. Àwọn kan ń san owó ńlá fún ọkọ̀ eléèéfín tó ń gba ibẹ̀ nígbà ooru. Ọkọ̀ ojú irin lásán ń gba orí afárá kan náà ní owó tó kéré púpọ̀. Ní Mallaig, ọkọ̀ ojú omi wà tó ń gbé èrò sọdá sí Armadale ní Skye.

Ẹni tí yóò bá wakọ̀ dandan, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá ń ṣiṣẹ́ fún àlejò títí di oṣù 12. Apá òsì ni wọ́n ń gbà, bí tiwa ti rí kí ó tó di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972. Ẹ tètè sọ pé ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́, kí wọ́n má baà sọ pé ó tán. Ìwọ̀n ọtí tí òfin gbà fún awakọ̀ kéré sí ti Íńgílándì láti 2014. Ẹ má fẹnu kàn án rárá.

Títì tí ọkọ̀ méjì kò lè gbà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ìjàǹbá wà. Wọ́n ti la ibi ìyàgò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àmì sì wà níbẹ̀. Bí ibi ìyàgò bá wà lápá òsì yín, ẹ wọ inú rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ kọjá. Bí ó bá wà lápá ọ̀tún, ẹ má sọdá sínú rẹ̀ láéláé. Ẹ dúró ní ọ̀gangan rẹ̀ lójú títì, kí ẹni tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀ yà á gbà. Ibi ìyàgò kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí fún fọ́tò, bí ó ti wù kí òkè iwájú lẹ́wà tó. Bí ọkọ̀ bá tò lẹ́yìn yín, ẹ yà kí wọ́n kọjá: nọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi iṣẹ́ lè wà nínú wọn. Ẹ gbé ọwọ́ sókè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá yà fún yín; bí wọ́n ti ń kí ara wọn nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ dẹ eré sílẹ̀ nítorí àgbọ̀nrín, kí ẹ sì ra epo nígbà tí táǹkì bá ti dé ìdajì.

Oṣù Karùn-ún ni mo máa ń yàn, n kò sì mọ ìdí tí ẹlòmíràn fi ń yan òmíràn. Ní oṣù Kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ Edinburgh kì í ju nǹkan bíi wákàtí méje lọ. Ní oṣù Kẹfà ó ju mẹ́tàdínlógún lọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹsàn-án ni kantíkantí ń jọba ní ìwọ̀-oòrùn. Wọn kì í fa ibà, àmọ́ wọ́n ń rọ́ wá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́. Ẹ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ẹ ra àwọ̀n tí wọ́n ń fi borí, kò wọ́n. Òróró Skin So Soft ti Avon ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń fi para. Nínú koríko gíga, ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí eégbọn, kí ẹ sì yẹ ara wò lálẹ́.

Agboòrùn kò wúlò níbẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò ká a ní. Ẹ̀wù òjò tó ní ìborí ni kí ẹ wá, àwọn ìsọ̀ òkìríkà tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń ṣí káàkiri ìlú sì ń tà á ní ẹ̀dínwó. Ẹ má fi bàtà kẹ́sì gun Ben Nevis, tó ga ní mítà 1,345. Yìnyín lè wà lórí rẹ̀ nígbà ooru. Ìrìn àfonífojì Glen Nevis dé ìdí omi Steall, èyí tó ń já bọ́ láti òkè, ti tó fún mi. Òfin ọdún 2003 fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rin orí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àti òkè, ilẹ̀ oníléèlẹ̀ pàápàá, bí wọn kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Géètì tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà.

Ní ti oúnjẹ, haggis kò lè dẹ́rù ba ẹni tó ń jẹ ṣàkì: ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró àgùntàn ni, tí wọ́n gún mọ́ ọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà.

Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ìhà gúúsù tí àwọn àlejò kì í yà sí. Ní Annan, tó ní ibùdókọ̀ ojú irin, ni wọ́n ti bí Hugh Clapperton ní 1788, ẹni tó gba Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ wa, tó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, tó sì kú sí Sókótó ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní Selkirk, ère Mungo Park, tó kú sínú odò Ọya ní Bussa, dúró láàárín ìlú. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Edinburgh dé Galashiels, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ ná gbogbo owó bébà tí àwọn báńkì Skọ́tlándì tẹ̀. Pọ́n-ùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ontajà ní Lọ́ńdọ̀nù á kọ̀ ọ́. Bí ó bá ṣẹ́kù, báńkì yín ní Íńgílándì yóò gbà á. Ẹ má gbé e wálé fún àwọn tí ń ṣẹ́ owó.