Nọ́ọ̀tì kan ló yọ, ẹ́ńjìnì ló bá a lọ

Lọ́jọ́ Ẹtì kan ni mo gbé Corolla mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Ìjọ̀kà, l'Ákùrẹ́, pé kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀gá ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe é. Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọ̀gá, mo kọ "ọ́ìlì Corolla" sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Iléṣà. Ó kù díẹ̀ kí n dé Ìgbàrá-Òkè ni iná pupa bí agolo ọ́ìlì yọ níwájú mi. Mo rí i o. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ dá, mo ní kí n kúkú dé ìlú. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kò-kò-kò, ló bá kú. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀: nọ́ọ̀tì ibi tí wọ́n ti ń tú ọ́ìlì dànù ò sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn tó dúró bá mi ní kí mẹkáníìkì ìtòsí tú u wò. Mo kọ̀. Tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ti kàn án, ta ló máa gbà pé òun ló bà á jẹ́? Mo ya fọ́tò ihò náà, mo ya géèjì ọ́ìlì tó gbẹ. Mo háyà ọkọ̀ tó wọ́ ọ padà sí Àkúrẹ́, àmọ́ n kò gbé e lọ Ìjọ̀kà. Ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan ní ọ̀nà Oǹdó ni mo gbé e sí, mo ní kí ọ̀gá wá wò ó níbẹ̀.

Ó dé, ó ní, "Mọ́mì, òkúta ló gbá a." Bàbá ò bínú. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀: bí òkúta bá gbá a, abẹ́ ẹ́ńjìnì á tẹ̀, ẹnu ihò náà á sì ya. Kò sí ìkankan. Wọn ò di nọ́ọ̀tì le ni, gbígbọ̀n ọkọ̀ ló tú u.

Ọ̀gá yarí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi ọlọ́pàá gbé e. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 ò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán, ọlọ́pàá kọ́ ló sì máa ra ẹ́ńjìnì fún mi. Lẹ́tà ni mo kọ, mo so fọ́tò àti àlẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, mo fún un ní ọjọ́ méje. Mo fi kún un pé òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPA ti 2018, ní ẹni tó gba ohun ìní wa láti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a padà kó burú ju bó ṣe gbà á lọ. Mo mú ẹ̀dà kan lọ bá alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò wọn.

Alága pe ọmọ náà. Ó ní ọwọ́ lásán lòun fi dè é, òun fẹ́ mú sípánà ni wọ́n pe òun sídìí ọkọ̀ míràn. Mo rò pé ó ti parí. Ni alága bá kọjú sí mi: "Mọ́mì, nígbà tí iná pupa yọ, ṣé ẹ dúró?"

Mo ní rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bá mi jà lórí èsì yẹn. Wọ́n pín owó ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ sí mẹ́rin, mo san ìdá kan, ọ̀gá san mẹ́ta, kò sì gba owó iṣẹ́. Owó tí mo fi wọ́ ọkọ̀ wálé, ó lọ nìyẹn. A kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wa fọwọ́ sí i.

Ọmọ iṣẹ́ yẹn kan náà ló bá wọn gbé ẹ́ńjìnì wọlé. Mo dúró tì í títí ó fi kan nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ó dì í, ó wojú mi, ó tún fi sípánà fún un le sí i.