Bí Ẹsẹ̀ Tripod Kò Ṣe Ní Máa Yọ̀ Lórí Táìlì

Ó ṣòro láti rí gbọ̀ngàn ayẹyẹ lóde òní tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe táìlì dídán, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹsẹ̀ tripod, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, ti máa ń yọ̀. Níbi ìgbéyàwó kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ tán nígbà tí mo gbé kámẹ́rà mi kalẹ̀. Bí mo ṣe yíjú, ẹsẹ̀ kan ti sún, èkejì tẹ̀ lé e, díẹ̀ ló sì kù kí gbogbo rẹ̀ dà wó kí n tó gbá a mú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi ṣe bàtà fún tripod mi.

Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà tútù nu rọ́bà abẹ́ ẹsẹ̀ náà, nítorí eruku nìkan tó láti mú un yọ̀. Bí rọ́bà ọ̀hún bá ti gbó tó sì ti le, ẹ fi sáńpépà ha á.

Fún bàtà náà, tíúbù kẹ̀kẹ́ tàbí ti ọ̀kadà tó ti bàjẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, àwọn tó ń lẹ táyà sì lè fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ là á, kí ẹ fi ọṣẹ fọ inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀tù funfun wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí rọ́bà lẹ̀ mọ́ra; bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, gọ́ọ̀mù kò ní mú. Ẹ gé e ní róbótó mẹ́ta, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tí àwọn ṣúmékà ń lò pa ojú méjèèjì tó máa pàdé, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Inú tíúbù ni kí ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó.

Bí ó bá jẹ́ irin ṣóńṣó ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tripod yín, ẹ gé àtẹ́lẹ̀ sìlípáàsì tó nípọn, kí ẹ gbẹ́ ihò tí kò lu já sí àárín rẹ̀ fún irin náà, kí ẹ sì lẹ tíúbù mọ́ abẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, rọ́bà nìkan kì í tó, nítorí bí ẹsẹ̀ bá ṣe yà tó ni agbára tó ń tì í síta ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn awọnlẹ̀ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ irinṣẹ́ wọn lé férémù onígun mẹ́ta lórí ilẹ̀ dídán. Okùn lásán tó fún tiwa: ẹ so okùn mẹ́ta tí kì í nà mọ́ òrùka kan, kí gígùn wọn dọ́gba, kí ẹ wá so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 15 sí ilẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń so ẹrù kọ́ àárín tripod, wọ́n sì gbà pé ó parí síbẹ̀. Ẹrù wúlò bí àlejò bá fara gbá a, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ náà ló ń tì í síta. Nítorí náà, okùn ni kó ṣáájú. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 jẹ́ kílò 5. Ẹ so ó kí ìdí rẹ̀ rọra kan ilẹ̀, kí ó má baà máa fì, kí ẹ sì rí i pé òun àti kámẹ́rà kò wúwo ju ohun tí tripod náà lè gbé.

Tíúbù dúdú lè fi àmì sára táìlì funfun. Ẹ kọ́kọ́ fi ha kọ̀rọ̀ kan wò. Lẹ́yìn náà, kí kámẹ́rà tó gun orí rẹ̀, ẹ fọwọ́ ti ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá sún, ẹ tún abẹ́ rẹ̀ nù.