Káàdì Ìkíni Àfọwọ́ṣe: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Bà Á Jẹ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ìnáwó kì í tán l'Ékìtì. Ìgbéyàwó lónìí, ìwúyè lọ́la, ọjọ́ ìbí àgbà lọ́tùn-únla, ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ní ìparí oṣù, ìkẹ́kọ̀ọ́jáde l'Ádó àti l'Ọ́yẹ̀ẹ́ nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Káàdì ìkíni tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dára fún gbogbo rẹ̀, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí ọmọ Èkìtì tó ń fi í jẹun. Ohun tó ń dùn mí ni iṣẹ́ tó yẹ kó rẹwà tó ń bàjẹ́ nítorí ohun kékeré tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ẹni tó ń ṣe é.

Èyí tó burú jù ni kí èèyàn kó owó lé ẹ̀rọ kó tó mọ bébà. Ẹ̀rọ tó ń gé bébà fúnra rẹ̀, Cricut tàbí Silhouette, wọ́n gan-an. Ẹlòmíì á fi gbogbo owó tó ní rà á, á wá lọ fi bébà fọ́tòkọ́pì, ọlọ́gọ́rin gíráàmù (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí bébà ṣe nípọn tó), ṣe káàdì. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ kò lè dá dúró lórí tábìlì. Ẹ wá bébà tó tó 200 sí 300 gíráàmù. Rúlà onírin, bíléèdì tó mú, báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán àti bébà gidi ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Tí owó bá ti ń wọlé, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e.

Bébà ní ọ̀nà tó ń gbà tẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí òun ló fà á tí káàdì fi ń sán lójú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, tí àwọ̀ òkè á fọ́, tí funfun inú á sì yọ jáde. Nígbà tí wọ́n ń ṣe bébà nílé iṣẹ́, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà kan náà. Bí ẹ bá ṣẹ́ bébà po kí ojú ìṣẹ́po náà bá fọ́nrán lọ, á gbà, á jọ̀lọ̀. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ dábùú fọ́nrán, á máa bá yín jà.

Ẹ mú kádíbọ́ọ̀dù A4 kan báyìí. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ ẹ po ní gígùn, kí etí gígùn méjèèjì súnmọ́ ara wọn, ẹ má ṣẹ́ ẹ tán. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní ìbú. Ọ̀kan á rọ̀ lọ́wọ́ yín ju èkejì lọ. Èyí tó rọ̀ yẹn ni ọ̀nà fọ́nrán rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ A4 ni fọ́nrán rẹ̀ lọ ní gígùn, níbi tó ti jẹ́ 297 mìlímítà. Tí ẹ bá ṣẹ́ A4 bẹ́ẹ̀ sí méjì láti fi ṣe káàdì A5 ńlá, ẹ ti ṣẹ́ ẹ dábùú fọ́nrán, á sì sán. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ́kọ́ gé A4 náà sí A5 méjì ọgbọọgba, tí ẹ wá ṣẹ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan po, ẹ ó rí káàdì A6 méjì, ojú ìṣẹ́po àwọn méjèèjì á sì bá fọ́nrán lọ. Bébà kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, síbẹ̀ ẹni tó rà á á rò pé bébà olówó ńlá lẹ lò. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó máa ṣe A6 ná.

Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán ṣẹ́ ẹ. Ẹ gbé rúlà lé ojú ìlà, ẹ fi báírò tó ti gbẹ yẹn tẹ ilà kan mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbẹ́ kan á jìn wọlé, ẹ̀gbẹ́ kejì á yọ gòkè díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣẹ́ káàdì sínú ibi tó jìn, torí pé ibẹ̀ ló jọ pé bébà fẹ́ lọ. Àṣìṣe ni. Ẹ ṣẹ́ ẹ kí ibi tó yọ gòkè wà nínú, kí ibi tó jìn wà lóde. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ra ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, bébà kékeré kí ó wà láàárín wọn kó má baà máa dán.

Gọ́ọ̀mù àti òjò

Omi pọ̀ nínú gọ́ọ̀mù funfun. Tí ẹ bá fi kun gbogbo ẹ̀yìn bébà tí ẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ojú káàdì, bébà náà á mu omi, á fẹ̀. Bó bá ti ń gbẹ, á sún kì, á sì fa káàdì ká bí ewé tí oòrùn pa. Sẹ́lótéèpù olójú méjì ló dára jù fún bébà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù nìkan lẹ ní, ẹ fi ìka tó o sí etí àti àárín, ẹ má jẹ́ kó pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìwé wíwúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń di ìwé mọ̀: bí ẹ bá lẹ bébà mọ́ iwájú, tí ẹ sì lẹ irú rẹ̀ mọ́ inú, fífà ti iwájú á bá fífà ti inú dọ́gba, káàdì á dúró gbọn-in.

L'Ékìtì níbí, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù. Bébà tí ẹ gbé sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tàbí tí ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri á mu ọ̀rinrin kó tó di pé ẹ fọwọ́ kàn án. Inú náílọ́ọ̀nù tí ẹ di lẹ́nu ni kó máa gbé, lórí pákó.

Tó bá jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ańkárá, àdìrẹ tàbí kíjìpá, ẹ má kàn gé e. Etí rẹ̀ á máa tú, gọ́ọ̀mù á sì rin yọ sí ojú rẹ̀. Ẹ ra gum stay tí àwọn aránṣọ fi ń mú kọ́là le, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ náà, ẹ wá gé e. Ó tán.

Iná tó ju agbára jẹnẹrétọ̀ lọ

Àṣà tuntun kan wà tó dára gan-an: embossing powder, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dà sórí yíǹkì tútù, tí iná gbígbóná ń yọ́ títí ọ̀rọ̀ náà á fi wú lórí bébà, tí á máa dán. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ń ṣì í. Yíǹkì tó tètè ń gbẹ kò lè mú un. Yíǹkì tó pẹ́ kó tó gbẹ ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun kò lè rọ́pò heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru gbígbóná janjan; atẹ́gùn ẹ̀rọ irun á fẹ́ ìyẹ̀fun dànù, kò sì gbóná tó. Nígbà ọyẹ́, bébà tó gbẹ gan-an máa ń fa ìyẹ̀fun yẹn mọ́ra káàkiri, á wá dà bíi pé wọ́n bu iyanrìn lù ú. Ẹ fi pọ́dà díẹ̀ ra ojú bébà kí ẹ tó tẹ òǹtẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò.

Ẹ wo ẹ̀yìn heat gun kí ẹ tó rà á. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà ń lò sábà máa ń wà ní nǹkan bí 300 wáàtì. Èyí tí àwọn akọ́lé àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò lè tó 1,500 sí 2,000 wáàtì, kò sì sí bí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" ṣe lè gbé e. Ẹ ó ba jẹnẹrétọ̀ jẹ́, káàdì kò sì ní tán.

Àwọn tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa dán bíi góòlù náà ní ọ̀nà tó rọrùn. Bébà góòlù tó ń fi ooru lẹ̀ máa ń mú ìyẹ̀fun dúdú inú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser. Kò lè mú ìtẹ̀wé inkjet, ẹ̀rọ tó ń lo yíǹkì olómi, ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ti ń ṣègbé. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ọ̀rọ̀ yín, ẹ tẹ́ bébà góòlù lé e, ẹ fi bébà lásán bò ó, kí ẹni tó ń laminéètì bá yín kì í gba inú ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹ má gé àmì orí ọ̀rọ̀ dànù

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ẹ̀rọ agébébà máa ń gé àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ, àti àmì ohùn orí wọn, sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí èérún. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á sọnù, ẹni tó ń ṣe é á ní kò burú, á lẹ "E ku oriire" mọ́ káàdì tí wọ́n fẹ́ gbé fún ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yí àmì ìsàlẹ̀ padà sí ilà kékeré tó so mọ́ lẹ́tà bó ti wà nínú àwọn ìwé àtijọ́, ẹ̀rọ á gé lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀. Ẹ fa àmì ohùn gùn díẹ̀ kó kan orí lẹ́tà, tàbí kẹ́ ẹ fi gẹ́ẹ̀lì pẹ́ẹ̀nì kọ ọ́ sí i tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán. Kí ẹ tó sanwó fọ́ǹtì kankan, ẹ fi "ọ̀" àti "ẹ́" dán an wò. Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ti ń kọsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Lóòótọ́, nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì, èèyàn lè bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ láìsí ìwọ̀sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò lẹ fi kọ káàdì, "O kú ọjọ́ ìbí, Màmá mi" kò ṣeé gbọ́ létí. "Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Màmá mi" ni. Káàdì ìbánikẹ́dùn ló gba ìṣọ́ra jù. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" wà fún ẹni tó sin òbí tó dàgbà. Ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òbí tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ láé. "Ọlọ́run yóò tù yín nínú" ti tó. Kí ohun tó ń dán má sì sí lára rẹ̀ rárá.

Ní ti iṣẹ́ ọ̀nà, mi ò rí ìdí tí igi Kérésì tí yìnyín bò fi yẹ kó wà lára káàdì tí wọ́n ṣe n'Íkẹ̀rẹ́. Ìlú yẹn ni Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, ti gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba ìlú náà, ilẹ̀kùn tó ti wà ní British Museum nílùú London láti 1924. Àwọn ilà àti àwòrán tó gbẹ́ yí àwọn ère ká ṣeé gbẹ́ sára rọ́bà ìpàwérẹ́ fún òǹtẹ̀ káàdì. Tó bá jẹ́ lẹ́tà lẹ fẹ́ gbẹ́, ẹ gbẹ́ ẹ ní ìdàkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni á kọjú síni.

Inú káàdì kò gbọdọ̀ jẹ́ bébà dídán. Yíǹkì báírò kì í tètè gbẹ níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ á sì rá gbogbo rẹ̀.

Àpòòwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá kí ẹ tó gé bébà kan. A6 ń wọ àpòòwé C6, tó jẹ́ mìlímítà 114 ní ìbú, 162 ní gígùn. A5 ń wọ C5. Ẹni tó ṣe káàdì tán kó tó wá àpòòwé á máa fi bébà ṣe àpòòwé kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí òdòdó tàbí rìbọ́ọ̀nù bá yọ sókè lójú káàdì, tó sì ń ti gáréèjì Adó lọ sí Èkó, ẹ gé páálí méjì láti ara káátọ̀nù, ẹ fi há a láàárín, kí páálí tòkè ní ihò níbi tí òdòdó wà, ẹ tó fi náílọ́ọ̀nù wé e. Ẹ fún awakọ̀ lọ́wọ́, kí ó gbé e síwájú. Ẹ má jẹ́ kó wọ bùútù pẹ̀lú iṣu.