Bí mo ṣe fa tírákì mítà 200 sórí pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé ní Abẹ́òkúta

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ní Abẹ́òkúta ló ní pápá bọ́ọ̀lù láìní tírákì. Bí inter-house bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹnì kan á gbé okùn àti ẹfun, á sọ pápá yẹn di ibi eré sísá. Èmi ni mo ṣe ti ilé-ìwé kan ní sáà kejì, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Àwọn ìwọ̀n tí mo lò ni mo fẹ́ kọ síbí, torí pé ibi tí ìlà bá ti wọ́ ni ìjà inter-house ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ Yellow House bá fi ìdajì mítà ṣáájú ọmọ Green, tí a wá rí i pé léènì Yellow fi mítà kan kúrú, kò sí adájọ́ tó lè parí ẹjọ́ yẹn mọ́.

Ilẹ̀ ló sọ pé mítà 200 ni ká ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ rí tírákì mítà 400 gidi, kó lọ wo pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò fún irú rẹ̀ ni ojú gbọọrọ mítà 84.39 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú kọ́nà tí a fi mítà 36.5 pa láti àárín. Léènì 4 péré níbẹ̀ ti gba ilẹ̀ tó gùn ní mítà 167, tó sì fẹ̀ tó mítà 83. Pápá tí mo bá kò ju mítà 100 sí 60 lọ, àpáta sì yọrí ní igun kan. Abẹ́ òkúta la kúkú ń gbé.

Kí ẹnikẹ́ni tó kan èèkàn, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun kan: a kì í wọn tírákì lórí ìlà funfun. Ẹni tó ń sáré kì í tẹ ìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń jìnnà sí i díẹ̀. Lórí koríko tí kò ní bèbè kọnkéré, sẹ̀ǹtímítà 20 sí ìta ìlà inú ni a ti ń wọn ọ̀nà. Mo mú mítà 18 láti àárín kọ́nà dé ìlà inú. Ó túmọ̀ sí pé mítà 18.20 ni ẹsẹ̀ ọmọ ń tọ̀. Kọ́nà méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ mítà 114.35, ó ku 85.65, mo pín in sí méjì, ojú gbọọrọ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mítà 42.82. Ẹni tó bá gbàgbé sẹ̀ǹtímítà 20 yẹn, tó wọn ọ̀nà lórí ìlà, ráúǹdì rẹ̀ á fi mítà 1.26 gùn ju 200 lọ. Mo ti rí i lórí pápá tó ju ẹyọ kan lọ.

House mẹ́rin ló wà, nítorí náà léènì 4 tó. Léènì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 1.22. Gbogbo ẹ̀ gba mítà 88.58 ní gígùn àti 45.76 ní fífẹ̀. Fi mítà kan kún un yíká kí ọmọ tó bá yọ̀ má baà forí sọ igi.

Ohun tí mo kó dání kò pọ̀: téèpù irin mítà 50, ọ̀pá irin 12 mílímítà méjì tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan ààbọ̀, èèkàn igi bíi 60, wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin, mítà 25, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn náà ń nà sórí búlọ́ọ̀kù, òòlù, pákó méjì, àti ẹfun báàgì 5 ti kílò 25. Ọjà Láfẹ́nwá ni mo ti ra òwú àti wáyà. Téèpù aláṣọ kò dára fún iṣẹ́ yìí, nínà ló máa ń nà bí ó bá ti gbó. Ní ti ẹfun, bu díẹ̀ sínú ike, da omi lé e, kí o sì fọwọ́ kan ara ike náà. Bí ó bá gbóná, má lò ó. Irú èyí máa ń jó ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń sáré.

A gé koríko mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, a ṣa òkúta, a fi yanrìn dí ihò. Lẹ́yìn náà ni mo lo páìpù tó mọ́ gaara, tí a bu omi kún, láti mọ ibi tí pápá ti dagẹ̀rẹ̀. Omi inú páìpù kì í parọ́: ibi tí ó bá ga dé lápá kan ló máa ga dé lápá kejì. Òfin eré sísá kò fẹ́ kí ilẹ̀ wálẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ nínú mítà 100 lójú ọ̀nà tí a ń sá, tàbí sẹ̀ǹtímítà 1 nínú mítà kan láti ẹ̀gbẹ́ kan léènì dé èkejì. Ta ló fẹ́ rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta? Ibi tó tẹ́jú jù ni mo fi ojú gbọọrọ ìparí sí. Níwọ̀n ìgbà tí ráúǹdì kan bá pé, ibi tí ọmọ sọ̀ ni yóò tún gùn, ó dọ́gba.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Mo kan èèkàn A àti B, mítà 42.82 láàárín wọn, lápá ibi tí àwọn àlejò máa jókòó. Láti mú igun tó ṣe déédéé, mo wọn mítà 24 lára ìlà AB láti A, mo wọn 18 lọ sínú pápá, mo sì tì í síwá sẹ́yìn títí tí àárín orí méjèèjì fi jẹ́ 30 gẹ́lẹ́. Àwọn kan máa ń lo 3, 4 àti 5. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kéré jù fún pápá: bí o bá fi ìbú ìka kan ṣìnà lórí mítà 3, ó ti di ìbú ìka méjìlá nígbà tí o bá dé mítà 36. Mo na ìlà náà dé mítà 36, ibẹ̀ ni D. Mo ṣe bákan náà láti B, mo rí C. Àyẹ̀wò rẹ̀ ni pé A dé C àti B dé D gbọ́dọ̀ jẹ́ 55.94 àwọn méjèèjì. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀kan fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 gùn ju èkejì lọ. Ìyẹn ni pé àpótí mi ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti C àti D sápá kan náà títí wọ́n fi bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, má kúrò níbẹ̀. Gbogbo ohun tó kù, orí àpótí yìí ló dúró lé.

Àárín A àti D, mítà 18 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo ri ọ̀pá irin kìíní mọ́, èkejì sì wà ní àárín B àti C. Ti èkejì bọ́ sórí àpáta tí yẹ̀pẹ̀ bò. Èèkàn ò wọ̀ ọ́. Mo fi ṣísù gbẹ́ ihò tó jìn tó ìka kan, mo ki irin sí i, ẹnì kan sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a mọ́ra títí a fi parí kọ́nà náà.

Wáyà ni mo fi pa kọ́nà, mo sì fi téèpù àwọ̀ dúdú sàmì sí i ní 18.00, 19.22, 20.44, 21.66 àti 22.88. Ìdí tí mi ò fi lo okùn ọ̀rá nìyí: ọmọ tó bá dì í mú á fà á, okùn á sì nà. Bí ó bá nà ní sẹ̀ǹtímítà 18 péré, ráúǹdì kan ti fi mítà 1.13 gùn sí i. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí ọwọ́ ṣe ń rẹ ọmọ náà ni okùn ń sún kì, kọ́nà á wá rí bí ẹyin. Kí òrùka wáyà lè yí lára irin láìwé mọ́ ọn, má so ó pinpin.

Ìlà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ọwọ́ òsì àwọn ọmọ ló máa ń wà nínú bí wọ́n bá ń sáré. Ìlà ọwọ́ ọ̀tún léènì wà nínú 1.22 rẹ̀, ti ọwọ́ òsì kò sí nínú rẹ̀. Mo fi pákó méjì sílẹ̀ pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 láàárín, mo bu ẹfun sínú agolo mílíìkì tí mo fi ìṣó lu ihò méje sí nídìí, mo sì ń gbọ̀n ọ́n sí àlàfo náà bí ẹni ń sẹ́ ẹ̀lùbọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Lẹ́yìn ìyẹn, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á máa gbé ẹfun lọ. Ibi tí ọmọ máa ń tẹ̀ jù, bí ìlà òpin, mo po ẹfun mọ́ omi, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ibi ìbẹ̀rẹ̀. Léènì 4 gùn ju léènì 1 lọ, nítorí náà àwọn tó wà níta gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ níwájú. Fún ráúǹdì kan, léènì 2 á fi mítà 7.67 wà níwájú, léènì 3 á fi 15.33, léènì 4 á fi 23.00. Fún mítà 100 tó gba kọ́nà kan, ìdajì rẹ̀ ni: 3.83, 7.67, 11.50. Iye yìí kò yí padà bó ti wù kí kọ́nà kéré tàbí tóbi tó, fífẹ̀ léènì nìkan ló ń darí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orí kọ́nà ni a ó ti wọn ọ́n, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ na téèpù gbọọrọ gba inú koríko kọjá. Bí o bá na téèpù mítà 23 tààrà ní léènì 4, ẹsẹ̀ ọmọ á ti jèrè mítà 1.2 lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kan ìṣó ní mítà méjì-méjì, sẹ̀ǹtímítà 20 sí ìlà inú léènì náà, mo sì ń fi téèpù tẹ̀ lé wọn.

Eré ọ̀pá 4×100 ló gba ọgbọ́n jù, torí pé ráúǹdì méjì ni lórí tírákì yìí, kọ́nà mẹ́rin. Ìlà òpin wà ní ẹnu kọ́nà kìíní. Léènì 1 ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Léènì 2 ń fi 15.33 wà níwájú, léènì 3 ń fi 30.66, léènì 4 ń fi 46.00. Ìgbọ̀pá kìíní, ìyẹn ibi tí ẹnì kan ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹnìkejì, wà ní ìparí ojú gbọọrọ ẹ̀yìn fún léènì 1, ó sì kọjá ibẹ̀ ní 11.50, 23.00 àti 34.50 fún àwọn yòókù. Ìgbọ̀pá kejì wà ní ìlà òpin, pẹ̀lú 7.67, 15.33 àti 23.00. Ẹni tó bá lajú á rí i pé àmì ìbẹ̀rẹ̀ mítà 200 nìyẹn, a ò tún un wọn. Ìgbọ̀pá kẹta padà sí ẹ̀yìn, pẹ̀lú 3.83, 7.67 àti 11.50. Mo fi àwọ̀ ya ìgbọ̀pá kìíní àti ìkẹta sọ́tọ̀, torí ibì kan náà ni wọ́n wà, ọmọ sì lè dúró síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Pupa fún kìíní, búlúù fún ìkẹta.

Láti ìparí 2017, mítà 30 ni agbègbè ìgbọ̀pá: 20 ṣáájú àmì, 10 lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn gẹ́ẹ̀mù másítà kan ṣì ń fa mítà 20 ti àtijọ́. Ọ̀pá ni a ń wò, a kì í wo ẹsẹ̀: bí ara ọmọ bá ti jáde ṣùgbọ́n tí ọ̀pá ṣì wà nínú agbègbè nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì, kò ṣẹ̀. Ẹni tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni yóò mú un. Àwọn olùkọ́ máa ń jà lórí ta ló mọ kọ́nà sá jù. Orí tírákì mítà 400 ni ìyẹn ti wúlò. Níbí, kò sí ọmọ tí kò ní gba kọ́nà.

Ọ̀nà kúkúrú láti kọ́ wọn ni kí ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wọn nǹkan bí 20 sẹ́yìn ibi tó dúró, kó fi ẹfun sàmì sí i, kó sì ṣí eré nígbà tí ẹni tó ń bọ̀ bá tẹ àmì náà. Bí wọ́n bá kọlu ara wọn, àmì ti sún mọ́ ọn jù, kó sún un sẹ́yìn. Bí ọwọ́ kò bá tó ọ̀pá, ó jìnnà jù. Ìdánwò mẹ́ta sí mẹ́rin tó, ṣùgbọ́n eré gidi ni kí wọ́n fi ṣe é. Àmì tí wọ́n fi eré jẹ́jẹ́ wọn á tàn wọ́n jẹ ní ọjọ́ ìdíje.

Ní ọjọ́ ìdíje, àsíá ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ eré ni kí àwọn tó di aago mú máa wò, kí wọ́n má dúró de fèrè rẹ̀. Ohùn gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kó tó rin mítà 100. Àyà ni a fi ń parí eré, orí àti ọwọ́ kò sí nínú rẹ̀. Bí aago ọwọ́ bá sọ 12.32, 12.4 ni a ó kọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mi ò fa irin àárín tó wà nínú yẹ̀pẹ̀ yọ. Mo gbá a wọlẹ̀ títí orí rẹ̀ fi lọ sábẹ́ koríko, mo fi ìdérí agolo bò ó, mo sì wọn ọ́n láti ẹsẹ̀ góòlù méjèèjì. Mo wọn ihò ara àpáta náà bákan náà. Ìwé tí mo kọ iye yẹn sí wà lọ́wọ́ gẹ́ẹ̀mù másítà. Ẹni tó bá fẹ́ fa ìlà lọ́dún tó ń bọ̀ á kàn gbẹ́ ibẹ̀ ni, á so wáyà mọ́ irin.