Bí A Ṣe Lè Ya Fọ́tò Ọkùnrin Tó Wọ Súẹ́tà Bíi Ti Iwájú Ìwé Pátánì Àtijọ́

Ìyá mi fi àpótí irin kan sílẹ̀ fún mi ní Ẹ̀pẹ́, ìwé pátánì súẹ́tà, ìyẹn ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń hun ún, ló sì kún inú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ó ti kọ́ nítìn, inú àwọn ìwé wọ̀nyẹn ni ó sì ti fi kọ́ èmi náà. Ní iwájú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin òyìnbó kan wà tó ti ń dúró láti ìgbà náà wá tí kò rẹ̀ ẹ́: ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ lé òkúta, ó di ìkòkò tábà tí kò rú èéfín mú, ó sì ń wo ọ̀kánkán bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú omi tó ti lọ láná, àwọn méjì mìíràn wọ súẹ́tà kan náà, èkíní nàka sí nǹkan tí àwa òǹwòran kò lè rí, èkejì sì ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó rí i kedere.

Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta súẹ́tà ọkùnrin fúnra mi. Orí okùn ìsáṣọ ni mo fi àwọn àkọ́kọ́ kọ́ sí nígbà tí mo yà wọ́n, àwọn oníbàárà kò sì yé béèrè: ṣé ó ní àpò, báwo ni etí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gùn tó, ṣé kì í fún ọrùn? Ìgbà tí mo padà sídìí àpótí ni mo rí i pé ìdáhùn gbogbo ìbéèrè yẹn wà nínú ìdúró àwọn bọ̀dá tí mo ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín lára wọn gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n pè wọ́n wá ṣe. Bí ẹ bá ń hun aṣọ ọkùnrin, tí ẹ sì fẹ́ yà á lọ́nà tiwọn, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọjọ́ orí ìwé tí ẹ fẹ́ wò kọ́ṣe. Ẹ wo iye owó tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀: bí lẹ́tà d kékeré bá tẹ̀lé nọ́ńbà náà, pẹ́nì àtijọ́ nìyẹn, ìwé náà sì ti jáde kí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó pa ètò owó rẹ̀ dà ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1971, bí ó bá jẹ́ p, ẹ̀yìn ìgbà náà ni. (Àwa náà ná pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì títí náírà fi dé ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, nítorí náà àwọn àgbà ilé yín yóò kà á fún yín láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.) Ọjọ́ orí yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ṣòkòtò àwọn ọkùnrin ìgbà náà máa ń ga dé ìdodo, súẹ́tà wọn sì kúrú láti pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá hun ún bí ìwé ṣe wí fún ọ̀dọ́mọkùnrin òde òní, tí ṣòkòtò rẹ̀ wà ní ìbàdí, ikùn ni yóò kọ́kọ́ hàn nínú àwòrán. Èmi máa ń fi íńṣì méjì tàbí mẹ́ta kún gígùn rẹ̀. Bákan náà, bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀ súẹ́tà tí kò lọ́wọ́ nínú àwọn ìwé ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ má ṣe rò pé àṣà lásán ni. Láti 1941 títí di 1949 ni ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń díwọ̀n aṣọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rà, súẹ́tà tí kò lọ́wọ́ kò sì ní gba òwú púpọ̀.

Ìdúró ni kókó iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ki ọwọ́ bọ àpò tó sì yọ àtàǹpàkò síta ń fi etí àpò hàn yín. Ẹni tó gbé ìkòkò tábà sẹ́nu ń gbé etí ọwọ́ súẹ́tà sún mọ́ ojú, níbi tí òǹwòran yóò kọ́kọ́ wò. Ẹni tó nàka sí òfúrufú, gbogbo ọwọ́ aṣọ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́ ló tẹ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé òkúta tó fi igbọ̀nwọ́ ti orúnkún ń jẹ́ kí ẹ rí bí aṣọ ṣe ń ṣe ní ìhà nígbà tí ara bá tẹ̀. Ọ̀pá gọ́ọ̀fù tó kún inú àwọn ìwé náà ní ìdí tirẹ̀: ní 1922, Edward, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ súẹ́tà aláràbarà tí wọ́n ń pè ní Fair Isle, orúkọ erékùṣù kan ní Scotland, gbá gọ́ọ̀fù ní ìlú St Andrews níbẹ̀, aṣọ náà sì di ohun tí gbogbo ọkùnrin ń fẹ́. Roger Moore òṣèré pẹ̀lú, kí ó tó di James Bond nínú fíìmù, dúró nínú súẹ́tà púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 débi pé wọ́n fún un ní ìnagijẹ The Big Knit, ìyẹn Híhun Ńlá.

Ojú ni yóò fún yín ní wàhálà jù. Ọkùnrin wa tó bá fẹ́ ya fọ́tò, yóò kọjú sí ẹni tó ń yà á, yóò fi ọwọ́ lé orúnkún, agbádá yóò tẹ́ rẹrẹ, nítorí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú ìwé pátánì, àyà lọ̀rọ̀ wà. Bí ojú bá ń wo yín, ẹ̀yin náà yóò máa wo ojú. Bí ó bá wo ibòmíràn, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ wo súẹ́tà. Ẹ má sọ fún un pé kí ó wo òkèèrè lásán, ojú rẹ̀ yóò kú. Ẹ ní kí ó máa ka iye ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìhà ọjà ẹja Olúwo.

Ohun tó máa dì mú ńkọ́? Àwọn òyìnbó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n, ibẹ̀ ni àṣírí wọn sì ti ń tú. Nígbà tí mo fi ọ̀kan han àna mi tó jẹ́ apẹja, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Àǹtí, ta ló gbé àwọ̀n fún bọ̀dá yìí? Ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀.” Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ ọkùnrin yín mọ̀ ni kí ẹ fún un: àjẹ̀ ìtukọ̀, ọpọ́n ayò, sípánà mẹkáníìkì pàápàá. Àwọ̀n gbígbẹ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ yọ gbogbo ìwọ̀ kúrò nítòsí, nítorí pé ìwọ̀ kan ṣoṣo lè fa iṣẹ́ oṣù kan tú.

Kí ẹ tó jáde, ẹ rẹ súẹ́tà náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi tówẹ̀lì fún omi rẹ̀ láìlọ́ ọ, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí ẹní ní ibòji ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ kí ó ní. Ẹ má fi kọ́; omi yóò fà á gùn. Bí ó bá tóbi jù fún ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì ká a mọ́ ọn lẹ́yìn.

Aago méje sí mẹ́jọ òwúrọ̀ ni mo ń lò létí ọ̀sà, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí kùrukùru ń jẹ́ kí oòrùn rọ̀, tí ẹni tó wọ súẹ́tà kò sì ní máa làágùn. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, nítorí òjìji kékeré tó ń bọ́ sí abẹ́ ojú híhun kọ̀ọ̀kan ni yóò fi hàn pé ọwọ́ ló hun ún. Oòrùn ọ̀sán yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ dúró ní ìwọ̀n mítà méjì ó kéré tán, ẹ gbé fóònù sí ìpele àyà rẹ̀, kí ẹ sì tẹ ojú fóònù ní ibi tí àyà rẹ̀ wà. Súẹ́tà funfun lára ọkùnrin dúdú máa ń jẹ́ kí fóònù sọ ojú di òkùnkùn. Kí ẹnì kan di aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ mú sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí i lójú.

Ẹ gba súẹ́tà náà kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó kúrò létí ọ̀sà. Tèmi ti di aṣọ ìpẹja àna mi láti oṣù Kìíní.